Àwẹ̀ Ìdúró Bàbá Nọ́ọ̀sì

Ohun tí Jẹ́jẹ́lọlá gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ tó fi ń yan púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn kì í ṣe aṣọ mọ́. Ẹja ni. Ó gan, ó pọ́n, ó sì ń rùn bí ẹja àrọ̀ tó ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí iná. Ká ní ó gbé e dé ọjà Igbótako ni, ẹnìkan ì bá ná an, ẹnìkejì ì bá sì béèrè ibi tí orí rẹ̀ wà.

"Yéè!" Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Mo ti yan ọmọ mi!"

Funfun ni aṣọ náà nígbà tó fọ̀ ọ́. Funfun tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sá a sórí okùn, àkùkọ á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, á sì kọ. Ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé bí ẹni pé òkun ti kó ẹrù rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Iná ìjọba ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bí mi nínú. Iná ti lọ ní ìlú yìí pẹ́ débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó lọ ti ń gbéyàwó. Òpó rẹ̀ wà o. Ewúrẹ́ là ń so mọ́ ọn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá tutù lásìkò òjò, orí pẹpẹ púpurú lókè ààrò ni yóò tẹ́ ẹ sí, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe. Ṣòkòtò ń gbẹ níbẹ̀, bàtà ń gbẹ níbẹ̀, Bíbélì tí òjò pa ti gbẹ níbẹ̀ rí. Jẹ́jẹ́lọlá kàn gbàgbé pé òun ti ki igi tútù bọ ààrò lálẹ́ àná nítorí púpurú ọjà. Èéfín tó jáde lóru yẹn, bí wọ́n bá dì í sínú àpò, ó lè sin òkú méje.

Ìdáraolúwa, ọmọ rẹ̀ tó ni aṣọ, jáde láti inú yàrá. Ìdára kì í ṣe ènìyàn kékeré. Bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀sán á di ìrọ̀lẹ́ nínú ilé. Bí ó bá sín, ewúrẹ́ mẹ́ta á já okùn, ìkẹrin á bímọ. Ọdún yìí ló ń parí ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta péré ti sọnù sáàárín obìnrin bí òkúta nínú ìrẹsì. Iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi ọkùnrin ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àgbá ọ́síjìn wúwo: "Ìdára!" Ìyá àgbà sanra: "Ìdára!" Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dún: "Ìdára!" Báyìí ni aṣọ rẹ̀ kejì ṣe fàya láti ọrùn dé ìdí lọ́jọ́ tó gbé alága àwọn alápatà láti ilẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹyọ kan ló kù. Òun náà ló ti di ẹja yìí.

"Màámi, kí lèyí?"

"Aṣọ rẹ ni."

"Aṣọ tèmi funfun."

"Ó funfun lánàá."

Ìdára gbé e sókè sí ojúmọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ikùn rẹ̀ kùn, nítorí kò tíì jẹun.

Ọjọ́ yìí gan-an ni ìdánwò ìkẹyìn wọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ní ọsibítù ní Òkìtìpupa. Ọ̀sán ni yóò kan Ìdára. Àwọn olùdánwò ń ti òkèèrè bọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́, wọ́n tún un sọ: ẹni tí kò bá wọ funfun kò ní fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù, ẹni tí kò bá sì fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù, kó lọ tún ọdún náà kà.

"Ọdún kan sí i," ni Ìdára wí. Ó jókòó sórí àpótí, àpótí náà sì kérora.

"Ọlọ́run ló ṣe é!" Ohùn kan ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wá. "Ọlọ́run ló fi èéfín kọ̀wé sí i!"

Mákánjúọlá, bàbá Ìdára, ló ń sọ̀rọ̀, púpurú sì kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé àwo rẹ̀ ka orí fèrèsé, ó dúró tì í bí màlúù tó ń jẹ nínú ọpọ́n. Láti ọjọ́ Ajé ni Mákánjúọlá kò ti jókòó. Ó ní ìran kan ló wá bá òun pé kí òun gba àwẹ̀ ìdúró títí di ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìjọ aláṣọ funfun wọn yóò fi òróró yàn án ní Àgbà Ìjọ. Kò jókòó jẹun. Kò gun ọ̀kadà. Bí oorun bá dé, ó ń dojú bolẹ̀ lórí ẹní bí ọ̀nì tó ń yá oòrùn. Àdúgbò gbọ́, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ti rí àwẹ̀ àìjẹ, wọ́n ti rí àwẹ̀ àìmu, wọn kò rí ti ìdí rí. Àwọn aláìgbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Òpó Iná, wọ́n ní òun àti òpó iná nìkan ni wọ́n jọ ń dúró gbọnin ní Igbótako láìṣe iṣẹ́ kankan.

"Ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun," ni Mákánjúọlá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "tí kì í ṣe wòlíì, tí kì í ṣe òkú, kí ló fẹ́ jẹ́?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Bàámi."

"Pa ẹnu dé! Má pè é sókè. Ògiri létí."

Ẹ gbọ́ o: bàbá yìí kò tíì pe iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lórúkọ rí. Ní ìjọ, níbi tó ti ń fún epo, títí dé Àkòtógbò tó ti ń lọ ra ẹyìn, ohun tó sọ fún ayé ni pé ìnjiníà ni ọmọ òun ń kọ́. Bí wọ́n bá ní, "Ìnjiníà kí ni?" á wo ọ̀run, á ní, "Ìnjiníà tó jinlẹ̀." Ẹnìkan tilẹ̀ ti gbé fáànù tó bàjẹ́ wá fún Ìdára rí. Fáànù náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọkùnrin ní í ṣàìsàn," ni Mákánjúọlá wí, "obìnrin ní í tọ́jú. Bí wọ́n ṣe dá ayé nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ fẹ́ yí i po."

"Bàbá Aníwúrà," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí, orúkọ àkọ́bí wọn ló fi ń pe ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, "ta ló ń san owó ilé ìwé rẹ̀? Ṣebí púpurú mi ni? Epo rẹ ò tíì ra ìwé ẹyọ kan fún un."

"Ó dáa náà. Púpurú ló rán an lọ, púpurú ló dá a padà." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí ẹ̀rín fi mì í débì kan. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó di fèrèsé mú, ó mí sínú bí ẹni tí ata há lọ́fun.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀mí ni. Ẹ̀mí ló gbà mí díẹ̀."

Ìyá Treasure ló gbọ́ ariwo yìí. Aránṣọ ni, ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwọn, etí rẹ̀ sì gùn débi pé bí ẹnìkan bá yọ́ lọ sídìí ìkòkò fi ẹran sẹ́nu ní ìlú Ìyànsàn, yóò mọ̀ bóyá ògúnfe ni. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn.

"Mi ò gbọ́ nǹkankan o, mo kàn ń kọjá lọ ni. Ta ló yan aṣọ ọmọ wa?"

"Èmi ni," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí.

"Ẹ má sunkún. Ilé aránṣọ kì í ṣàìní aṣọ funfun."

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó kó ọ̀wọ́ aṣọ dé. Ó kọ́kọ́ gbé aṣọ akọrin ọmọbìnrin rẹ̀ fún Ìdára. Ìdára ki apá kan bọ̀ ọ́, a gbọ́ "ṣàà!", apá aṣọ sì bọ́ sílẹ̀ bí ewé. Ó gbé aṣọ ìgbéyàwó tí oníbàárà kan kò wá gbà wá, ó ní òun lè tú ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ kí òun sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti Ìdára sínú rẹ̀ bí ẹni ń ti àpò gaàrí sínú ìgò. Ó dúró láàárín ilé, orúnkún rẹ̀ wà níta, ìlẹ̀kẹ̀ ń tàn láyà rẹ̀, irùngbọ̀n ń yọ lókè rẹ̀.

Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó yìí," ni Mákánjúọlá wí lọ́dọ̀ fèrèsé, "èló ni owó orí rẹ̀?"

Àní Jẹ́jẹ́lọlá rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kíá. Ìdára kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó dá a padà fún Ìyá Treasure pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín dáná púpurú, Màámi. Ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe ayé àìnípẹ̀kun."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dun Jẹ́jẹ́lọlá ju èéfín lọ. Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ bá ògiri pàdé. Ìyá Treasure náà tẹ̀lé ojú rẹ̀. 

Lára ògiri, nínú ọ̀rá, sútánà tuntun Mákánjúọlá wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n rán fún ìfòróróyàn ọjọ́ Àìkú. Funfun ni, láti ọrùn dé kókósẹ̀, aṣọ tó fẹ̀ débi pé bí ọkọ̀ akérò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n lè dì í sínú rẹ̀ gbé lọ. Nínú gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ara méjì péré ni aṣọ yẹn lè bá mu: ara bàbá, àti ara ọmọ tó bí.

"Ẹ yé wo ibẹ̀," ni Mákánjúọlá wí.

"Bàbá Aníwúrà…"

"Mo ní ẹ yé wo ibẹ̀! Aṣọ Ẹ̀mí ni! Ẹ fẹ́ fi aṣọ Ẹ̀mí lọ gbé póò ìtọ̀!"

"Póò ìtọ̀ ta ni?" Ariwo Jẹ́jẹ́lọlá dìde. "Ìwọ náà kò ní darúgbó ni? Ọjọ́ tí o bá dùbúlẹ̀, ṣé ìran ni yóò gbé póò fún ẹ?"

Ó fò, ó já sútánà náà lára ògiri. Mákánjúọlá fi àwo sílẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Jẹ́jẹ́lọlá fà, ọkọ rẹ̀ fà. Ìyá Treasure ń pariwo, "Ẹ rọra, ojúùrán ni! Ojúùrán ni!" Ìdára wá sáàárín wọn láti là wọ́n. Ó fi ọwọ́ kan péré di aṣọ náà mú, ìgbà tí Ìdára bá sì fi ọwọ́ kan di nǹkan mú, ẹni tó kù kàn ń ṣeré ni. Ọwọ́ Mákánjúọlá yọ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ púpurú ọjà nílẹ̀.

Ó jókòó gbàgà sórí àpótí.

Igbe tó ké, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Àwọn tó wà ní Àkòtógbò yọ fìlà, wọ́n rò pé ọba wàjà. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já lórí igi. Adìẹ kan tó ń sàba lẹ́yìn ilé dìde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Mákánjúọlá fúnra rẹ̀ fò sókè bí bọ́ọ̀lù, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

"Áńgẹ́lì dé!" Ìyá Treasure wó lulẹ̀ sórí orúnkún. "Áńgẹ́lì ti dé!"

Kì í ṣe áńgẹ́lì ló já bọ́ láti inú àpò ṣòkòtò Mákánjúọlá. Ìgò kékeré kan ni. Ó yí gbiri títí dé ẹsẹ̀ Ìdára. Ìdára gbé e: oògùn ikọ́, ẹnìkan ti mu ún dé ìdajì.

"Ta ló ń wúkọ́ nílé yìí?" ni Jẹ́jẹ́lọlá béèrè.

Kò sí ẹni tó ń wúkọ́. Ìdára wo ìgò. Ó wo bàbá rẹ̀ tó di ògiri mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya bí ẹsẹ̀ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tí kò sí. Ó wo àpótí. Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́, ohùn tí àwọn ará ilé kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Bàámi. Láti ìgbà wo ni eéwo yẹn ti wà níbẹ̀?"

"Eéwo wo?"

"Èyí tí ẹ kò lè jókòó lé."

Òógùn ń jábọ́ ní imú Mákánjúọlá bí òjò lórí páànù. Ọ̀rọ̀ ti já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: eéwo kan ló yọ sí ìdí rẹ̀, ó tóbi bí ọsàn, ó gbóná bí ẹyín iná. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti lọ fi hàn. Ta ló bá lórí àga nọ́ọ̀sì? Tẹjúmádé, ọmọbìnrin tí Mákánjúọlá kọ́ ní Bíbélì nígbà èwe, tó sì ti ní kó kúnlẹ̀ rí nítorí pé yẹ̀rì rẹ̀ kúrú. Tẹjúmádé kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Bàbá wa, kí ló ń ṣe yín? Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí." Mákánjúọlá wo ojú ọmọ náà, ó wo ìdí ara rẹ̀, ó sì sọ pé ikọ́ ni. Ó tilẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti fi ṣe ẹ̀rí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mu oògùn ikọ́ sí eéwo ìdí.

"Ẹni tó bo àrùn mọ́lẹ̀…" ni Ìyá Treasure bẹ̀rẹ̀.

"Má parí ẹ̀!" ni Mákánjúọlá wí.

"Jẹ́ kí n wò ó, Bàbá Aníwúrà," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. "Ìyàwó rẹ ni mí."

"O ò ní wò ó! Mo mọ̀ ẹ́. Ọjọ́ tá a bá tún jà, wàá fi kọrin."

Jẹ́jẹ́lọlá kò sẹ́.

"Ká gbé yín lọ sọ́sibítù ńlá," ni Ìyá Treasure wí.

"Kí n lọ bọ́ ṣòkòtò níwájú àwọn ọmọ obìnrin? Tẹ̀gbọ́n tàbúrò Tẹjúmádé ló kúnbẹ̀! Gbogbo wọn obìnrin! Gbogbo wọn!" Ìrora ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ lu ògiri. "Kí ló dé, mo bi yín, kí ló dé tí kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀? Ṣé kò sí ọkùnrin tó lè kọ́ iṣẹ́ yẹn láyé ni?"

 Ìyá Treasure wo òrùlé. Jẹ́jẹ́lọlá mú ẹja tó jẹ́ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, ó fara balẹ̀ ká a, apá sí apá, etí sí etí, ó sì gbé e lé orí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀. Òjò ń kán tó, tó, tó lẹ́nu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Mákánjúọlá wo aṣọ náà. 

"Gbogbo obìnrin," ló wí, "ẹ jáde."

Wọ́n jáde. Ẹsẹ̀ Ìyá Treasure jáde, etí rẹ̀ kò jáde.

"Ìdára."

"Bàámi."

"Ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìdára na ọwọ́ jáde gba omi gbígbóná lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gba aṣọ mímọ́, ó tún ti ilẹ̀kùn. Ó mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti òwú láti inú àpò tó fẹ́ gbé lọ síbi ìdánwò. Ó ní kí bàbá rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ó fi aṣọ ìbora bò ó láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ṣí ibi tí kò ju ẹnu ife lọ sílẹ̀.

Mákánjúọlá retí. Ó yí orí padà.

"Ìyẹn nìkan lo ṣí?"

"Ibẹ̀ ló ń dùn yín."

"O ò wo ibòmíràn?"

"Ibòmíràn kì í ṣe iṣẹ́ mi, Bàámi."

Mákánjúọlá gbé orí padà sórí ẹní. 

Lóde, àwọn obìnrin méjèèjì fi etí lẹ ilẹ̀kùn bí aláǹgbá. Wọ́n gbọ́ omi. Wọ́n gbọ́, "Ẹ mí sínú, sà." Wọ́n gbọ́, "Mo ti mí tán! Kò sí èémí mọ́!" Wọ́n gbọ́, "Fún un jáde, jọ̀ọ́, ìwọ ọmọ yìí, fún un!" Wọ́n tún gbọ́ ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn: "A kì í fún eéwo bí ẹni fún epo, Bàámi. Omi gbígbóná ni yóò pè é. Ó ti pọ́n. Tó bá fẹ́ jáde, á jáde fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń mọ ẹyìn tó dáa."

Mákánjúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹyìn. Ó sọ ti Àkòtógbò, ó sọ ti Igbótako, ó ń sọ ti ẹyìn tí ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe kúkurú, bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ lójijì.

 Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ tó ní, "Ah. Ah. Olúwa ṣeun. Ìdára, ah."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Treasure fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú ilé. Mákánjúọlá jáde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ síbi àga gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ kan an bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹ̀bá ìdí kan, apá tó dára, lé etí àga.

Mákánjúọlá jókòó.

 Adìẹ tó dìde lẹ́ẹ̀kan yẹn pàápàá ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Treasure," ló wí níkẹyìn, ó ń wo ilẹ̀, "gé e."

"Kí ni kí n gé, Bàbá?"

"Ṣé o kò ríran ni? Sútánà! Gé e dé ìbàdí, gé apá rẹ̀. Àgbà tó bá fẹ́ gba òróró lè wọ èyí tó gbó."

Ọ̀bẹ ìgéṣọ Ìyá Treasure sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó gé, ó wọ̀n, máṣíìnì aláfọwọ́yí rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin tí agbọ́n ta. Ẹ̀kúnwọ́ aṣọ tó kù nísàlẹ̀, ó fi rán àpò méjì. Jẹ́jẹ́lọlá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí ó sún mọ́ pẹpẹ kankan. Agbélébùú kékeré tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ aró ṣe sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kò sí àyè láti tú u. Wọ́n fi sílẹ̀.

Ambrose ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé Ìdára lọ sí Òkìtìpupa ti ń tẹ fèrè lóde bí ẹni tí wọ́n jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Ìdára wọ aṣọ náà. Ó bá a mu bí awọ ṣe bá ẹran mu. Ó wá jókòó, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà funfun rẹ̀.

"Háà!" ni Mákánjúọlá ké. "Bọ́ bàtà! A kì í fi bàtà wọ sútánà!"

Òfin ìjọ wọn ni, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi tẹ ilẹ̀ Olúwa. Ìdára dúró, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́. Ọsibítù kò gba ẹsẹ̀ lásán. Jẹ́jẹ́lọlá wo ọkọ rẹ̀. Ìyá Treasure wo ọkọ ọlọ́kọ. Fèrè Ambrose ń dún.

Mákánjúọlá họ orí. Ó ronú bí ẹni ń fún epo ìkẹyìn nínú hóró ẹyìn.

"Tí wọ́n bá ti gé apá rẹ̀," ló wí díẹ̀díẹ̀, "kì í ṣe sútánà mọ́." Ó gbójú sókè. "Aṣọ iṣẹ́ ni. Wọ bàtà rẹ."

Ó tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ó na ìka sí Ambrose. "Ìwọ! Bí ẹrẹ̀ bá ta sí aṣọ yẹn, orí rẹ ni n ó fi fún epo."

Ambrose rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ibo ni ìnjiníà ń lọ tó wọ funfun bí ìyàwó?"

Mákánjúọlá fi ọwọ́ lé e lọ.  Ọ̀kadà lọ.

Nígbà tí Ìdára padà dé, oòrùn ti ń tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, òjò ti dá. Ẹrẹ̀ kún ṣòkòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ funfun wà bó ṣe wà, eyín rẹ̀ sì funfun jù ú lọ. Ó yege. Ó ní olùdánwò kan, obìnrin tí ojú rẹ̀ le bí èkùrọ́, gbóòórùn tùràrí lára òun, ó yí òun ká, ó rí agbélébùú lẹ́yìn ọrùn, ó ní, "Níbo lo ti rí irú yunifọ́ọ̀mù yìí?" Òun ní, "Bàbá mi ló bọ́ ọ fún mi, mà."

"Kí ló wí?" ni Jẹ́jẹ́lọlá béèrè.

"Ó ní kí n kí yín, Bàámi. Ó ní àwọn bàbá tó ń bẹ níbi tó ti wá, ojú ń tì wọ́n láti pe ọmọkùnrin wọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní nọ́ọ̀sì."

Mákánjúọlá wú ikọ́. Ó wú u dáadáa, àmọ́ kò sí ẹni tó fún un ní oògùn rẹ̀. Ó gé púpurú, ó rì í sínú ọbẹ̀ marúgbó. Ó sún díẹ̀ lórí àga gígùn náà, ó fi ọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdára jókòó. Wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan náà.

Ìyá Treasure, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ènìyàn púpọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ fún. Igbótako ni orúkọ rẹ̀.

Wọn kò tíì jẹun tán tí Bàbá Ọláìtán, olórí ìjọ, fi wọlé. Àgbàlagbà ni, ó ń rìn bí akàn, ẹsẹ̀ kan ń lọ sí ọjà, ìkejì ń lọ sí oko.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n wá wo bí àwẹ̀ ìdúró ṣe ń lọ."

"Àwẹ̀ ti parí, Bàbá wa." Mákánjúọlá dìde fún un, ó nu àga. "Ẹ jókòó."

Bàbá Ọláìtán wo àga náà bí ẹni wo ejò.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. N ó dúró. Èmi náà… ìran kan wá bá mi." Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní ìnjiníà wà nílé?"

Mákánjúọlá wò ó. Ó gbójú kọjá lórí èjìká rẹ̀. Lábẹ́ òpó iná tí kò ní iná, àwọn àgbà méjì mìíràn dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́, wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń wo ojú ọ̀run.

Ó gbé òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Kò sí ìnjiníà nílé yìí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé ẹni tó ń sùn ní Ìyànsàn lè jí. "Nọ́ọ̀sì ni mo bí! Nọ́ọ̀sì! Ìdára, fọ ọwọ́ rẹ, kí o wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta yẹn, ẹ wọlé, ẹ tò sórí ìlà!"

Wọ́n tò. Kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè àga.